Ohun tí Bàbá Kọ sí Ẹsẹ̀ Ère

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nídìí ẹ̀rọ omi àtijọ́ kan ní Olodi-Apapa, níbi tí wọ́n ti fi ère rántí ìyá àgbà tó fi ilẹ̀ náà ta àdúgbò lọ́rẹ. Ọmọ tí ìyá àgbà náà bí, bàbá arúgbó kan, ń fi ọ̀dà funfun tún àkọlé ẹsẹ̀ ère kùn. Obìnrin kan dúró tì í.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni. Omi ṣáláńgá ti wọ inú páìpù. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹnikẹ́ni má bàa mu ún."

"Kí lẹ kọ, sà?"

"*E ma mu omi yi.* Àbí o ò kàwé ni?"

"Mo kàwé, sà. Mo kà á sókè fún ọmọ mi: Ẹ máa mu omi yìí. Mo ní ìyá àgbà ló ń ṣe wá lálejò. Mo bu ife kan fún un."

Ọwọ́ bàbá dúró.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"A ti sin ín, sà."

"Má ni mo ní lọ́kàn, ìyá. Má ni."

"Mo mọ̀, sà. Ohun tó wà lọ́kàn yín ò hàn lára símẹ́ǹtì."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi. "Má" ń dáni lẹ́kun, "máa" ń fúnni láyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ pé, kí ẹ sì fi àmì sí i, pàápàá níbi tí ènìyàn ti ń mu omi.