Mo Pàtẹ́wọ́ Nígbà Tí Wọ́n Ń Lé Dèjì

Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo ń wò bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín. Ọwọ́ tí mo fi ń tọ́jú aláìsàn nìyí, òun náà ni mo fi pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde nílé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Hazel Crest là ń gbé, lẹ́bàá Ṣikágò. Ọkọ mi kọ́ṣẹ́ tíátà nílé kó tó wá sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń wà jẹun níbí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ dé sí, ibẹ̀ la ti pàdé. Nígbà tí Bùọ̀dá mi rí i pé a ń fẹ́ra, wọ́n lé e síta nínú yìnyín. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé e fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí: "Àwa la kọ́kọ́ débí. Ta ló ránṣẹ́ pè ẹ́? Gbé báàgì ẹ, kó o padà síbi tó o ti wá."

Ọdún gorí ọdún. Bùọ̀dá mi padà sí Ìbàdàn, àìsàn sì dá wọn dùbúlẹ̀. Nígbà tí Dèjì, ọmọ wọn, rí físà gbà láti wá kàwé, wọ́n pè mí, wọ́n ń sunkún: "Àbúrò mi, mi ò lẹ́nìkan níbẹ̀ àfi ìwọ." Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo ro ohun tí gbogbo wa máa ń rò, pé kí ọmọ bá bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bẹ ọkọ mi, kí ìjà parí. Dèjì dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì wa, kóòtù òtútù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Dádì, ẹ bá mi dárí ji bàbá mi." Ọkọ mi fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. "Dìde. Ó ti tán." Mo gbà á gbọ́! Àṣé ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ ò tó o. Ẹnu Bùọ̀dá mi gan-an ni ọkọ mi ti fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà.

Ìgbà òtútù yẹn ni wọ́n fún ọkọ mi ní ipa nínú fíìmù kékeré kan. Ìtàn àwọn ará Írẹ́lándì ni, nígbà tí ọ̀dùnkún jẹrà mọ́ wọn lóko, tí ebi lé wọn wọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà. Ọkọ mi ni olórí àwọn jàǹdùkú tó ń dè wọ́n ní èbúté, tó ń pariwo pé ilẹ̀ yìí, ti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ni. Olùdarí fíìmù ní òun ò wo àwọ̀, ohùn lòun ń wá. A rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyá Simi, ìwọ náà wò ó! Èmi tí mo tò fún físà títí ẹsẹ̀ mi fi wú, èmi ni n ó máa lé òyìnbó padà sílé!"

"Ẹ rọra lé wọn o, kí wọ́n má lọ béèrè ìwé yín."

Èmi ni mò ń bá a ka eré náà ní kíṣìnnì, èmi nìkan ni gbogbo ará Írẹ́lándì. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi burú tó bẹ́ẹ̀.

"Kò burú. Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ ni. Ẹ̀san ló ń gbà."

"Ṣé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí ló gbà á ni?"

Ó ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn.

Ọ̀sán Sátidé kan, mò ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn tó ti kíṣìnnì lọ sí yàrá abẹ́ ilé tí Dèjì ń sùn, ó wọ kóòtù dúdú gbọọrọ àti fìlà gíga tó fẹ́ fi ṣe fíìmù. Dèjì wà nísàlẹ̀, ó gbé abọ́ tó fẹ́ wá fọ̀ dání.

"Àwa la kọ́kọ́ débí."

"Dádì?"

"Ta ló ránṣẹ́ pè ẹ́? Gbé báàgì ẹ, kó o padà síbi tó o ti wá."

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ eré náà, mo sì rò pé ó ń fi Yorùbá dá wa lára yá ni; ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá mi ò wá sí mi lọ́kàn. Dèjì gbójú sókè wò mí. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Èmi wá ju ṣíbí sílẹ̀, mo pàtẹ́wọ́! "Háà, Dádì Simi! Wọ́n á fún yín lámì ẹ̀yẹ!" Dèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rọra gbé abọ́ náà sórí àtẹ̀gùn.

Mo lọ síṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà; nígbà tí mo fi máa dé, Dèjì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti lọ. Ó fi bàtà yìnyín tí ọkọ mi rà fún un sílẹ̀. Mo bi ọkọ mi pé, "Ṣé eré lẹ̀ ń ṣe?" Ó ṣí fìlà náà. "Inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò pé á dùn," ó ní. Láti ọjọ́ náà, òun náà ń wá a, ó ń fi ọkọ̀ wo ojú pópó bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá ní àgbàlagbà ni, ó ní ẹ̀tọ́ láti lọ. Ilé ìwé ò rí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fi ránṣẹ́ kó tó pa fóònù: "Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ má wá mi."

Wọ́n ti fi fíìmù náà hàn nínú Ṣikágò. Nígbà tí ọkọ mi dojú kọ àwọn ará Írẹ́lándì ní èbúté, gbogbo àwọn tó ń wòran dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ itan.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bùọ̀dá mi ń pè. "Dèjì ńkọ́?" "Ó wà níbi iṣẹ́, sà." Wọ́n ti ń tún ìbéèrè náà bi mí báyìí. Ọ̀la tún ni ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n sọ sí ọmọ wọn tó fi lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, "Àwa la kọ́kọ́ débí," Bùọ̀dá mi fúnra wọn ló máa parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣàìsàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó ni ín?