Fídíò Ọmọ Mi Ló Gba Ààyè Qúdrát

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Gbogbo bí ẹ ṣe ń yìn mí láti àárọ̀, ẹ̀gún ló ń gún mi. Lónìí tí èmi Bọ́látitó ń fẹ̀yìn tì ní ọsibítù yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kó tó bá mi wọ sàréè.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi nìkan ló ń ṣí ímeèlì wa lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ọmọ mi Ayọ̀bọ́lá máa ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí láti òkè òkun, torí fóònù mi kò gbà á. Kò tọ́, mo mọ̀. Nígbà tó kú síbẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí. N óò ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, n óò ṣí i, á máa rẹ́rìn-ín: “Mọ̀mí, ẹ wo bí yìnyín ṣe pọ̀!” Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ń kìlọ̀ pé àpótí ímeèlì fẹ́ kún, kí n pa àwọn kan rẹ́. Lẹ́tà yín ni mò ń pa rẹ́, bíńtín bíńtín. Fídíò ọmọ mi ló wúwo, mo sì fi í sílẹ̀. Àpótí kún pátápátá, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa ń padà sọ́dọ̀ wọn.

Àsìkò yẹn ni Qúdrát, ìyàwó Zubair, tó ń ta èlùbọ́ ní Erio, ń retí èsì àyẹ̀wò kókó tó yọ nínú ọmú rẹ̀. Á gun ọ̀kadà wá. “Ìyá, ẹ kú uṣẹ́ o. Èsì mi ti dé ni?” Ilé àyẹ̀wò pè mí: “Mà, àpótí yín ti kún, èsì ń padà. Ẹ tètè ṣe é, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kò gbọdọ̀ pẹ́.” Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn, dókítà á béèrè ohun tó kún àpótí. Mo jókòó láti pa Ayọ̀bọ́lá rẹ́. Ọwọ́ mi kọ̀, mo sunkún títí. Nígbà tí Qúdrát tún dé, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Kò tíì dé. Wọn ò tíì ṣe tán.” Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ títí iṣu tuntun fi jáde.

Ìgbà tí Adérìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló rí i pé àpótí ti kún. “Mọ̀mí, ẹ ò ní pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ kàn máa kó àwọn àtijọ́ kúrò nínú àpótí sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Wọn ò ní sọnù, ààyè á sì wà.” Kí n tó mu omi tán, ó ti parí. Ilé àyẹ̀wò tún fi èsì ránṣẹ́, ó wọlé. Dókítà kà á, ó tún Qúdrát yẹ̀ wò, ó mi orí. Kókó náà ti rìn jìnnà. Ọmọ mi ṣì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, Qúdrát ni kò lè dìde mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, torí ìbéèrè á tú àṣírí mi.

Zubair, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀. O sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, “Qúdrát ní kí n gbé uṣu yìí fún ìyá tó ń bá òun wá èsì.” Má gbé e wá síwájú. Gbé e padà sílé, kí o sọ ohun tí o gbọ́ fún un. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń múra àtilọ bá a nílé, mi ò sì lọ. Bí ó bá ṣì ní kí n jẹ iṣu náà, kó ránṣẹ́ pè mí, kí n wá sè é fún un.