Ère Tí A Kò Ṣẹ́

Ẹ má gbé ìwo yẹn fún mi. Ẹ gbé e sílẹ̀ lórí òkúta, kí ọtí oyin inú rẹ̀ sinmi díẹ̀, nítorí ẹnu tí ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ kàn án kò yẹ lẹ́nu tí í kàn án mọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé yìnyín ọdún yìí lè bá mi lókè eèpẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọdún tó ń bọ̀ kò dájú. Ikú kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n lọ dúró níwájú àwọn tó ti lọ, kí irọ́ yìí ṣì wà lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ọjọ́ náà ló pé lónìí.

Ẹ̀yin tuntun tí ẹ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ ń pe èmi Dagny Betzer ní àwòrò yín, ẹ sì ń fọwọ́ kan òrùka ìbúra tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ kò mọ̀ mí. Frej òrìṣà òjò àti ìkórè tó dúró lẹ́yìn mi yìí, ère dúdú tí wọ́n ní àbàtà dá padà fún wa, ẹ kò mọ òun náà. Ẹ ti fi orí kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú yín gbé ọmọ tuntun wá síwájú rẹ̀, omi sì bọ́ lójú yín. Mo ń wò yín, mo sì dákẹ́, èmi ọ̀dájú yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ Ellinor bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, oko wọn àti tiwa pààlà. Àwa méjèèjì la kọ́kọ́ da ọtí oyin sílẹ̀ fún àwọn òrìṣà àtijọ́ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì lórí òkè yìí, nígbà tí gbogbo abúlé ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Oníbúrẹ́dì máa ń bi wá pé, "Ṣé Tor òrìṣà yín náà máa jẹ nínú búrẹ́dì yìí, àbí ẹ̀yin méjì nìkan lẹ fẹ́ jẹ ẹ́?" Ellinor á ní, "Fún wa ní méjì sí i jàre, ó lè mú ìyàwó ẹ̀ dání." Ellinor kò rí ọmọ bí. Òun àti ọkọ rẹ̀ gba ọmọbìnrin kan ṣọmọ láti Kòríà, ọmọ ọwọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú gbé dé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Solvej. Lórí òkè yìí lọmọ náà ti kọ́ ìrìn.

Nígbà tí Solvej dàgbà, tí ìwo bá kàn án, gbogbo wa la máa ń dákẹ́. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Kì í pariwo. Yóò gbé ìwo sókè, yóò pe Frej bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì, àwa náà á sì mọ̀ pé ẹni náà ti gbọ́. Lọ́dún kan, ọ̀dá mú gbogbo pápá. Ó gbé ìwo, ó ní, "Frej, ilẹ̀ ń gbẹ o, ìwọ náà ṣáà ń rí i." A kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí òkè tí òjò fi dé. Àwọn àgbà ọkùnrin ṣí fìlà, wọ́n dúró sínú òjò náà. Èmi àwòrò ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìwo tí n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi afẹ́fẹ́. Ìlara ni mo gbé sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Ìgbà yẹn ni Gorm dé. Kenneth ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́, òun ló fún ara rẹ̀ ní Gorm, orúkọ ọba àtijọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ pè é ní Kenneth. Ó ti ìlú ńlá wá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé òòlù kékeré tí í ṣe àmì Tor kọ́ ọrùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu wọn bí ẹni pé alápatà ni wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀sìn yìí kì í ṣe ti gbogbo ayé, ti ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ yìí ni, kí ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kò bá sí níbí lọ bọ ti ilé baba rẹ̀. Gorm jókòó nínú ilé ìdáná mi, ó ń jẹ kéèkì ápù mi.

"Àǹtí Dagny, ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ Kòríà ló máa wá ṣe àwòrò lẹ́yìn yín? Gbòǹgbò làwọn èèyàn ń wá. Ẹ fún wọn ní gbòǹgbò."

"Gbòǹgbò wo? Pòtétò ni gbòǹgbò ìdílé tèmi."

Òótọ́ ni mo sọ. Ará Jámánì làwọn baba ńlá mi. Ọba ló kó wọn wá síbí láti wá gbin pòtétò sórí pápá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́.

Gorm rẹ́rìn-ín. "Ta ló bi yín? Ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnì kankan mọ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan mọ́ títí di òní.

Igi óákù kan wà nínú àbàtà ẹ̀yìn oko mi, ó ti rì síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé ní agbègbè Jylland wa yìí. Àbàtà ti sọ ọ́ di dúdú bí èédú. Bí onímọ̀ kan bá yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ orí ńlá ni yóò bá nínú rẹ̀, nítorí igi náà gbó lóòótọ́. Ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ nìkan ni kò gbó. Mo gé e láti fi ṣe ère Frej tí a ó pè ní ti àtijọ́, mo gbẹ́ irùngbọ̀n sí i, mo gbẹ́ ojú sí i, Gorm ń bá mi dì í mú nínú abà. Nígbà tí mo ń gbẹ́ ojú kejì, ojú àkọ́kọ́ ń wò mí. Mo fi aṣọ bò ó, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo pápá, èmi nìkan lọ gbẹ́ ihò tí a ó rì í sí. Ṣọ́bìrì mi kan nǹkan. Mo ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, mo fa òrùka ọrùn kan jáde, idẹ ni, ẹnìkan sì ti fi agbára tẹ̀ ẹ́ po. Ẹ̀yin mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ohun tí a bá fẹ́ fún àbàtà, a máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ po, kí ọwọ́ alààyè má lè lò ó mọ́, kó di ti òrìṣà pátápátá. Bẹ́ẹ̀ làwọn ará àtijọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka náà, aláwọ̀ aró. Mo fi omi ṣan ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó sì mọ́ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tútù. Ó dà bíi pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò ni. Mo sunkún. Láti ọdún gbọọrọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo tún mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti padà sílé. Ṣùgbọ́n òfin ní kí a gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń tọ́jú ohun àtijọ́. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á tú gbogbo àbàtà wò, wọ́n á sì rí ojú ọ̀bẹ tuntun lára ère mi. Mo jí ohun òrìṣà. Mo kó o sínú agolo ìyẹ̀fun nínú ilé ìdáná mi, inú ihò tó ti jáde gan-an ni mo sì ri irọ́ mi mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, a kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú inú àbàtà, èyí tó máa ń jó bí igi tó bá ti gbẹ, tí a ó fi dá iná ẹbọ. Gorm fi ṣọ́bìrì rẹ̀ kan ère náà níbi tí òun àti èmi mọ̀ pé ó wà. Ojú dúdú yọ nínú ẹrẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, àwọn géńdé ọkùnrin ṣubú lulẹ̀. Èmi tí mo mọ ọ̀bẹ tí mo fi gbẹ́ ẹ, ẹ̀rù bà mí pẹ̀lú wọn. Gorm kígbe pé, "Òrìṣà àwọn baba Dagny ti padà sọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀!"

Ellinor kò sí níbẹ̀. Ó ti kú nígbà ìrúwé ọdún náà, níbi ẹbọ ìkórè ni a ó sì ti gbé ìwo rẹ̀. Ẹ mọ òfin wa. Ọmọ ni í gbé ìwo fún òkú, ọmọ ni í pe orúkọ rẹ̀ sókè. Òkú tí ọmọ rẹ̀ kò bá pè, ẹnikẹ́ni kì í pè é lórí òkè yìí mọ́. Ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Solvej gun òkè wá lọ́jọ́ ẹbọ náà nínú súwẹ́tà ìyá rẹ̀. Ó dúró pẹ́ níwájú ère tí a ti gbé dúró síbẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó rọra bi mí, bí ọmọ ṣe ń bi olùkọ́ rẹ̀.

"Àǹtí Dagny, ẹ dákun, kí ló dé tí wọn ò ṣẹ́ ẹ?"

"Kí lo wí?"

"Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá fún àbàtà, wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Èyí odindi ló wà. Ta ló wá fi fún àbàtà?"

Gorm ń wò mí. Láti inú ìlara àti ìkánjú, èmi tí mo mọ òfin yẹn ju gbogbo wọn lọ ti gbàgbé láti ṣẹ́ ère. Mo ì bá jẹ́wọ́ nígbà náà, kí ojú tì mí, kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùka ìbúra ni mo gbá mú. Mo ní, "Níwájú Frej, mo búra. Àwọn baba mi ló fi ère yìí pamọ́ síbẹ̀, wọn kò fi rúbọ, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ yìí nìkan ni Frej gbà kó gbé ìwo níwájú rẹ̀." Ẹ mọ̀ pé a kì í bá ẹni tó di òrùka mú jiyàn. Ọ̀rọ̀ parí.

Solvej ní, "Ìyá mi ńkọ́?"

"Ẹlòmíì á gbé e."

"Ta ni? Èmi nìkan ló ní."

Gorm pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Lọ gbé e ní Kòríà!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà, lórí ọmọ tí mo wẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, n kò sì bá ẹnì kan wí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyẹn gan-an ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Solvej kò bú mi. Ó bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà tí ìyá rẹ̀ fi ń de aṣọ láyà, ó tẹ̀ ẹ́ lórí òkúta yìí títí ó fi kán sí méjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àbàtà. A rí i nígbà tó jù ú. Ó gbójú sókè sí wa, ó ní, "Mo ti pe orúkọ ìyá mi fún àbàtà. Ẹ lọ gbà á padà bẹ́ ẹ bá lè gbà á." Ó wá tẹrí ba. Afẹ́fẹ́ pápá wa tí kì í dúró, ó dúró. Kò sí ewé kan tó mì títí ọmọ náà fi rìn lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn òrìṣà gba tirẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ jù, mo sì mu ọtí oyin lọ́jọ́ náà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Gorm àti àwọn tirẹ̀ kò pẹ́ níbí. Wọ́n bá ara wọn jà lórí ẹ̀jẹ̀ ta ló mọ́ jù, wọ́n sì túká. Èmi ni mo kù pẹ̀lú ère mi.

Lóṣù tó kọjá, mo ṣí agolo ìyẹ̀fun, mo sì pe àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Obìnrin tí wọ́n rán wá gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣe níbí nígbà náà. Ó jọ pé láti ìhà Íjíbítì ló ti wá, láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ ará Dẹ́nmáàkì tàbí ará Jámánì. Ohun tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni àbàtà yìí ti gbà láti ìgbà láéláé, ó sì pa á mọ́ bí ẹyin ojú. Èsì ìbéèrè tí Gorm bi mí lórí ọmọ Kòríà wà nínú agolo mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, abẹ́ ìyẹ̀fun.

Áàkè nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Kí ẹ tó relé, ẹ ṣẹ́ ère yìí, kí ẹ gbé e fún àbàtà. Kí ẹ bọ́ òrùka lọ́wọ́ mi pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá wá fi ẹ̀jẹ̀ yín yìn yín, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Solvej, mo rí ọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mo ránṣẹ́ sí ọ, n kò sì rò pé wàá wá. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Ìdáríjì tèmi lè dúró. Ìyá rẹ ló ti dúró pẹ́ jù. Bọ́ síwájú, ọmọ Ellinor, wá gba ìwo, kí o pe orúkọ rẹ̀.