Páìpù Tí Mo Dí Lẹ́yìn Àpótí Yanrìn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí lẹ́yìn mi. Ìtàn kan wà tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́rin, mo sì fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde lónìí kó má bàa bá mi wọlẹ̀. Ẹ má retí pé ó máa pa yín lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi rẹ́rìn-ín dáadáa nígbà tí mo ń ṣe é. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú bí ìrọ̀rí. Dókítà kì í wo ojú mi mọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ló máa ń wò, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù ikú ló là mí lẹ́nu. Ikọ́ ni. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọbìnrin àbúrò mi wá kí mi. Ó jókòó, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá, òtútù ni." Òtútù kọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ara mi. Inú àpótí yanrìn tí mo kọ́ fún bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àpótí náà ló pa bàbá rẹ̀, èmi ni mo sì ṣe é kó lè pa á.

Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Dídán làwọn èèyàn ń pè é, torí kò sí irin tó dógùn-ún dé ọwọ́ rẹ̀ tí kì í padà dán. Férémù kẹ̀kẹ́, orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìyá àgbà, gbogbo ohun tí wọ́n ti fẹ́ sọ nù, Dídán á gbà á, á fi bébà oníyanrìn ha á títí ìka rẹ̀ á fi ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tó ni ín á sì dé, á máa bi í bóyá tòun nìyẹn. Wẹ́dà lèmi ní tèmi. Ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí títì, yàrá iṣẹ́ tiẹ̀ wà lẹ́yìn. Àwọn èèyàn á yà lọ́dọ̀ mi, inú mi á dùn, màá ti máa nu ọwọ́, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo là ń gbà dé ọ̀dọ̀ Dídán?" Bí mo ṣe di ajúwe-ọ̀nà nìyẹn. Tó bá tiẹ̀ ṣe pé ó ń gbéra ga sí mi ni, mi ò bá rí nǹkan dì mú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò máa sọ fún gbogbo ayé pé, "Bọ̀dá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú." Ọ̀rọ̀ ìwúrí yẹn máa ń ta mí lára ju èébú lọ. Ẹ ò rí irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó nawọ́ méjèèjì, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wò wọ́n, wọn ò ṣeé ká mọ́. Mo rí àpótí kan níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ oko ṣe. Wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ yin yanrìn lu irin nínú ẹ̀, ìpáàrà á sì ṣí lára irin bí èèpo. Ẹ bá mi kọ́ ọ." Mo ní, "Ìyẹn ò le." Kò sì le lóòótọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù irin àtijọ́ kan la lò. A dá ihò méjì síwájú rẹ̀, a de ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn mọ́ ọn, kí ọwọ́ lè wà nínú kí ojú wà níta. A ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí àrọ, kí yanrìn lè máa ṣàn padà sẹ́nu okùn rọ́bà tó ń fà á. A fi gílóòbù kan sókè. A ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àlòkù, irú èyí tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Ó ku dígí tó máa fi wo inú, àti páìpù tó ń ti ẹ̀yìn àpótí lọ síbi fáànù, tí fáànù á fi máa fa eruku gba ara ògiri jáde.

Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, irú yanrìn wo là ń lò?" Ẹ dúró ná, kí n sọ ohun tí mo mọ̀ kí n tó sọ ohun tí mo wí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń kun afárá. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Ìgò lílọ̀ tàbí ìdàrọ́ irin ni kí ẹ fi yin irin o. Yanrìn odò, tó bá fọ́ kúnná, ẹ ò ní rí i mọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró yín ló ń lọ jókòó, kì í sì í dìde." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló kà fún wa tó bá a lọ. Mo rántí gbogbo rẹ̀. Mo wo àbúrò mi lójú, mo ní, "Yanrìn odò ni. Sá a, sẹ́ ẹ, ó parí."

Ó lọ ra dígí. Kó tó dé, mo gé awo irin róbótó kan, mo jó o mọ́ inú páìpù náà, níbi tí ojú ò lè dé, mo sì dá ihò sábẹ́ páìpù lẹ́yìn awo náà. Afẹ́fẹ́ inú yàrá lásán ni fáànù ń fà. Eruku inú àpótí ò ríbi gbà, àfi igun ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ti dín rọ́bà wọn kù. Dídán dé, ó ti dígí bọ̀ ọ́, ó tan iná, ó sáré bọ́ síta lọ wo ẹnu páìpù. Àkísà kékeré tó so síbẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó pariwo pé, "Bọ̀dá! Ó ń mí! Ó ń mí bí èèyàn!" Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku níbẹ̀. Mo ní kó dìde kó má dọ̀tí.

Ọdún kejì, ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ó fi ìka fa ìlà sórí tábìlì yàrá iṣẹ́, ó ní, "Mo nu èyí láàárọ̀, Bọ̀dá. Ẹ wo bó ṣe funfun. Ṣé àpótí yẹn ò jò?" Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ náà ti di wẹ́dà ni? Títì ni eruku ti ń wá. Máa ti fèrèsé." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń ti fèrèsé láti ọjọ́ náà. Ẹ gbọ́ mi yé: mo ní kó ti fèrèsé.

Nígbà tí ikọ́ dé, èmi ni mo tẹ̀lé Dídán lọ sọ́síbítù. Dókítà bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń fa eruku símú níbi iṣẹ́ yín?" Èémí ò jẹ́ kó tètè fèsì. Mo bá a dáhùn pé, "Sìgá ni, dókítà. Ó ń fà á ní kọ̀rọ̀." Dídán, tí kò fẹnu kan sìgá rí, yíjú sí mi. Ó rò pé mo ń ṣe àwàdà. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá dọjọ́ kan tí kò lè dúró mọ́. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan kù nílẹ̀, ó ní kí n bá òun parí rẹ̀. Mo wọ yàrá iṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo de ìbòmú mi, mo ki ọwọ́ bọ àpótí. Mi ò mọ̀ pé ó ti rọra di ògiri mú wá sẹ́nu fèrèsé. Nígbà tí mo bojú wo ẹ̀gbẹ́, ó ń wò mí. Ó ní, "Ìbòmú yẹn dára, Bọ̀dá. Ìgbà wo lẹ rà á?" Mo ní, "Àná." Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó ti gbó ju ti àná lọ." Ó yí padà, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé mo ti dé ibi tó burú jù, ẹ ṣe sùúrù. Mo sáré gba iwájú, mo bá ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mo sunkún sí i létí, omijé gidi. Mo ní, "Àìsàn yìí ti gun orí ọkọ rẹ. Ó ní mo fẹ́ pa òun. Dókítà ti sọ fún mi pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ohunkóhun tó bá sọ, má bá a jiyàn, ṣáà máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún." Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Dídán fi sọ ọ́. "Àpótí ni. Bọ̀dá mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi lò ó." Obìnrin náà á máa fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀, á ní, "Ó ti tó, olówó orí mi, mo ti gbọ́." Èmi náà á wà níbẹ̀, màá máa mi orí. Dídán wò mí lójú títí tó fi dákẹ́, kò sì sẹ́nì kan nínú yàrá náà tó gbà á gbọ́ àfi èmi. Ọmọbìnrin rẹ̀ náà ló jogún yàrá iṣẹ́. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, mo ń gbọ́ ariwo àpótí, mo ń kí i kú iṣẹ́.

Lánàá mo ránṣẹ́ pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó mú sípánà, ó lọ tú ẹ̀yìn àpótí náà. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Mo rí awo irin yẹn. Ẹ jó o mọ́ ọn dáadáa." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹun, ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ohun tí ẹ ń fà símú, ì báà ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò fúnra yín.

Òun náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe ohun tí mo ṣe ní àṣìṣe, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Mọ́mì ni mo máa kọ́kọ́ kà á fún. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orí bàbá mi pé." Ẹ̀yin ará ilé, ẹ óò mọ̀ nígbà náà pé ẹnu Dídán lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi. Ẹ gba tirẹ̀ gbọ́.