Ṣáńpíọ́nì Tó Jókòó

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè wa ọkọ̀ ojú omi láti Zion Pepe lọ sí Mahintedo láì kérora... Ẹ gbọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Àbí inú rẹ̀ ni mo wà? Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ bí mo ṣe fẹ́ bàbá bàbá yín.

Ṣáńpíọ́nì ẹ̀ṣẹ́ ni. Dúrójayé lorúkọ rẹ̀, Dúró là ń pè é. Bàbá mi ló ń kọ́ ọ. Kóòṣì òde òní ní fèrè lọ́rùn, ó ní aago lọ́wọ́. Bàbá mi ní àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀, ó parí. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa sáré. Níbo ni kó ti sáré níbí? Lórí omi?

Inú ọkọ̀ ló ń gbé e dúró sí. Á máa fi àjẹ̀ gbá a nígbáàyà, Dúró á máa yẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ dà, bàbá á ní, "Jókòó!" Dúró á sì jókòó. Ṣé bí a ṣe ń tọ́ ọmọ níbí náà nìyẹn, ọkọ̀ mì, o jókòó. Ojoojúmọ́ ni, títí ó fi wọ̀ ọ́ lára ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Dúró ti ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ìjà bẹ́líìtì kan wá kù, òun àti ọmọ Òkìtìpupa kan. Bàbá mi ní, "Bí o bá nà án, máa mú ọmọ mi lọ. Bí ó bá nà ọ́, má yà sílé mi mọ́."

A lọ sí Ìgbókòdá. Àwọn ọlọ́gbọ́n ibẹ̀ to pákó lé orí àgbá, wọ́n fi okùn yí i ká, wọ́n ní ojú ìjà nìyẹn. Dúró lu ọmọkùnrin náà débi tí mo ti ń ṣàṣàyàn aṣọ ìgbéyàwó. Ni ọmọ ọ̀hún bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fi gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀ rọ́ lu okùn. Pákó mì. Ta ló pariwo? Bàbá mi ni.

"Jókòó!"

Ṣáńpíọ́nì mi jókòó. Ó gbé ìbọ̀wọ́ méjèèjì lé itan, bí ẹni tó ń retí àwo púpurú. Lójú rẹfirí, ẹni tó bá fìdí kanlẹ̀ ti ṣubú nìyẹn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bàbá ń ké pé kó dìde, ariwo èrò bo ohùn rẹ̀. Dúró kàn ń wò ó lójú, ó ń retí àṣẹ. Ẹ bá mi yìn ín, ó gbọ́ràn. Wọ́n kà á parí, wọ́n gbé bẹ́líìtì fún ẹni tí kò lè nàró dáadáa.

Mo sunkún. Mo mọ̀ pé bàbá mi kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, bàbá ló ń wa ọkọ̀. Ìgbà tó yá, bàbá gbé àjẹ̀ lé itan.

"Dúró, ta ló ní kí o jókòó?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Èmi náà mọ̀. Èmi ni wọ́n nà, kì í ṣe ìwọ. Mú ìyàwó rẹ."

Bí mo ṣe rí ọkọ nìyẹn. Mo ní ó jókòó, á jókòó. Èwo nínú ọkọ yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin òde òní, inú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lẹ ti ń dìde dúró, kí fóònù lè rí yín dáadáa. Kò burú, ẹ ti gbọ́n ju ṣáńpíọ́nì lọ. Dúró ti lọ, bàbá mi ti lọ... èmi nìkan ló kù tó ń pariwo "Jókòó!", ohùn mi ò sì ròkè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ̀ bá mì, ẹ jókòó.