Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ ní Jọ́bù Sẹ́ńtà

Lẹ́yìn mi nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham, bàbá kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń bá obìnrin tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Mo lọ béèrè bẹ́nífíìtì, owó tí ìjọba ń fún ẹni tí kò níṣẹ́, ní jọ́bù sẹ́ńtà. Ọmọ tí mo kọ́ ní kéwú nígbà kan ni mo bá nídìí tábìlì òṣìṣẹ́ wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo èèyàn."

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìkúnlẹ̀ yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ká ní ó jókòó bí òyìnbó ni, ǹ bá sọ fún un pé mi ò níṣẹ́ mọ́."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mo kàn yà kí i ni."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ padà lọ lọ́la. Bó bá kúnlẹ̀, ẹ súre fún un, kẹ́ ẹ wá jókòó."