Alhaji Méjì Tí Kọ̀ǹpútà Sọ Di Ẹyọ Kan

Ẹ bá mi pariwo ọpẹ́, ará! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láti Aké títí dé Òwu! Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ mí di wèrè, Ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí.

Èmi ni Ìyá Bùkọ́lá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Ìbarà. Ẹ má bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ mi á yé yín. Àwa mélòó kan la máa ń kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, oníkálùkù á kọ apá tirẹ̀. Ètò kan wà tó ń kó gbogbo apá yìí jọ, tó ń rán wọn pọ̀ bí télọ̀ ṣe ń rán apá mọ́ ara bùbá. Èmi ni mò ń tọ́jú ètò aránpọ̀ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà, èmi ni màá dán an wò bóyá ó ṣì ń rán dáadáa.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ọ̀gá wa ní kí ètò mi máa ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Lórí ti àtijọ́, ó ń lọ geere. Lórí tuntun, apá tí Alhaji Làsísì, àgbà kan láàárín wa, kọ á pòórá! Kọ̀ǹpútà ò ní sọ pé òun rí àṣìṣe kankan o. Á kàn dákẹ́ bí ọmọ tó jẹ ẹran inú ìkòkò.

Háà! Inú bí mi, ará. Mo tún un rán, ó sọnù. Mo tún gbogbo ètò kọ, ó sọnù. Màá ṣe é dé ìdajì, iná á lọ, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lu tábìlì títí ọwọ́ mi fi wú.

Ẹnjiníà tó tà á fún wa wá láti Èkó, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ara ẹ̀rọ wa yá. Ètò tiyín ni kò sàn." Ó mu mínírà tán, ó lọ.

Ọ̀gá pè mí. "Ìyá Bùkọ́lá, bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí nǹkan yìí ò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá iṣẹ́ míì."

Ẹ rántí pé ìjọba ń gbá òṣìṣẹ́ dànù nígbà náà, ọkọ mi sì wà lára wọn. Iṣẹ́ mi yẹn nìkan la fi ń jẹun! Ìyá mi ní, "Ayé ni o! Wọ́n ń ṣe ọ́ ni." Mo gbààwẹ̀. Mo sunkún níwájú pẹpẹ yìí. Mo tilẹ̀ bi Olúwa pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà nìkan ni O ò lè wò sàn ni?"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tó ku ọ̀la, Alhaji Ráájí tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká wá kí àwọn nílé ní Òwu, ìyàwó ọmọ wọn bímọ. Mo ní mi ò lọ. Ọkọ mi ní, "Lọ kí wọn jàre. Kọ̀ǹpútà ò bímọ fún ẹnikẹ́ni." Mo lọ tìbínútìbínú.

Agboolé oníṣòwò ni, àwọn bàbá kún àgbàlá. Mo sọ fún ìyàwó ilé kan pé Alhaji ni mo wá kí. Ó bá ké sí wọn, "Alhaji! Àlejò yín dé o!"

Ará, gbogbo àgbàlá ló dáhùn! Ìyàwó náà bú sẹ́rìn-ín. "Èwo nínú wọn, mà? Ẹ dárúkọ o."

Orí mi wú! Ní ọ́fíìsì wa, orúkọ ẹni tó kọ apá kan la fi ń pe apá náà nínú kọ̀ǹpútà, èmi ni mo sì ń kọ orúkọ ọ̀hún sí i. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ́ nílé á máa pe ẹni tó ju bàbá rẹ̀ lọ ní Làsísì ṣákálá? Alhaji Làsísì ni mo kọ. Alhaji Ráájí ni mo kọ.

Mi ò dúró jẹun. Mo sáré padà sí Ìbarà, mo yọ Alhaji kúrò lára orúkọ àwọn méjèèjì, mo ní kí ètò rán wọn. Ó rán wọn! Kò sí èyí tó sọnù! Àṣé lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà tuntun yẹn ń kà lára orúkọ, á da ìyókù nù. Ẹ ka Alhaji wò: A, L, H, A, J, I. Mẹ́fà géérégé! Àgbàlagbà méjì di ẹyọ kan lójú rẹ̀, ó fi Ráájí bo Làsísì mọ́lẹ̀. Ẹ ò rí ìwọ̀sí!

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wo iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó parí! Bí ẹni pé wọn ò fẹ́ lé mi rí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ò bọ́! Ògo fún Ọlọ́run!

Mo kúnlẹ̀ bẹ Alhaji Làsísì. "Ẹ má bínú, sà, mo ti yọ Alhaji yín kúrò nínú kọ̀ǹpútà." Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n tó lọ sí Mẹ́kà rárá, Làsísì l'Ọlọ́run fi mọ̀ mí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú wàhálà, ẹ gbọ́ mi. Ayé lè kó yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kó ní ọ̀kan náà ni gbogbo yín. Olúwa mi kì í ka orúkọ dé ìdajì. Ẹ ṣeun, ará, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ọkọ mi ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn, kò tíì ríṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé wọn, "àwọn òṣìṣẹ́ tí a dá dúró" ni wọ́n pè wọ́n, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Sámúẹ́lì Àkàndé Oyèbádé ni, Olúwa. Kà á dópin.